Iṣẹ́ Àṣetiléwá Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Àgbàṣe

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n ti kírun Màgàríbì tán, tí oúnjẹ alẹ́ sì ti kúrò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni í gbé ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn kalẹ̀ níwájú àgbà ilé. Ohun tí ó bá tẹ̀lé èyí ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ilé kan àti òmíràn. Ní ilé kìíní, wọn yóò lé ọmọ náà pé kí ó padà lọ bi ẹni tí ó fún un níṣẹ́. Ní ilé kejì, ẹ̀gbọ́n tí ó ti wọ yunifásítì yóò fa bírò yọ, yóò kọ àròkọ náà láti òkè délẹ̀, ọmọ yóò sì dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀. Ní ilé kẹta, àgbà yóò jókòó ti ọmọ, yóò bi í ní ohun tí ó yé e àti ohun tí kò yé e, yóò sì jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ilé kìíní fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyà. Ilé kẹta ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé kejì, tí ó dà bí ẹni pé ó ṣoore jù lọ, ni ó pa ọmọ náà lára jù lọ, nítorí pé ó gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ àgbàṣe ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká oko lè wá alágbàṣe. Oko yóò mọ́, iṣu yóò sì ta. Ìmọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan kò ti lè jẹun kí ikùn ẹlòmíràn yó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kò lè kọ àròkọ kí ọpọlọ ẹlòmíràn mú. Ohun tí olùkọ́ ń wá nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ṣe ìwé tí ó mọ́ tónítóní. Ọmọ tí ó ti gbìyànjú, tí ó ti ṣì í, tí ó sì ti rí ibi tí òun ti ṣì í, ni olùkọ́ ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n, kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ó ti gbé ayé tí ó sì ti lọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àmọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ilẹ̀kùn ni. Nínú ìdánwò àṣewọ yunifásítì ti JAMB, àjọ tí ó ti wà láti ọdún 1978, kò sí ẹni tí ó lè yẹ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ìbáà ṣe ìṣègùn ni ó fẹ́ kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣeyege nínú Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO ni àwọn yunifásítì sì ń kọ́kọ́ wò. Ànábì Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ fún Zaid ọmọ Thābit pé kí ó lọ kọ́ èdè àwọn Yéhúdì, nítorí pé ìwé wọn ń wọlé, èsì sì gbọ́dọ̀ jáde. Zaid lọ, ó sì kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kò wá ẹni tí yóò bá òun kọ́ ọ.

Ó dára kí àwọn ọ̀dọ́ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rù láti fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn míṣánnárì ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ tí ó wọlé ní Súlè lè jáde ní Samuel. Ìbẹ̀rù náà kò ṣàìnídìí. Ní ọdún 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Ogun ìgbà náà ni pé kí ọmọ rí ibi tí yóò wọ̀. Ogun ti òní ni pé kí ọmọ tí ó ti wọlé má ṣe jáde lọ́wọ́ òfo. Orí tábìlì alẹ́ nínú ilé ni wọ́n sì ti ń ja ogun yìí, kì í ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ohun tí ìdánwò ń béèrè fi èyí hàn kedere. Nínú ìwé kejì ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, àròkọ nìkan kó máàkì 50. Àkàyé ní 20, kíké àyọkà gígùn kúrú sì ní 30. Àròkọ náà yóò tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450. Ohun mẹ́rin ni àwọn tí ń máàkì ń wò nínú rẹ̀: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní í sọ, bí ó ṣe tò ó, bí èdè ṣe dán lẹ́nu rẹ̀, àti bí ó ṣe yẹra fún àṣìṣe sípẹ́lì, àmì ìdánudúró àti gírámà. Bí èdè ṣe dán ni ó gba 20 nínú 50. Mẹ́ta yòókù ní 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹnikẹ́ni lè rà ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò kù ọ̀la. Àkọtúnkọ ni í mú wọn wá. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kọ àròkọ fún láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà yóò ní ìwé tí ó kún fún máàkì dáadáa, yóò sì jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò bí ẹni tí ó lọ sóko láìmú àdá dání. Láti ibẹ̀ ni òbí rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí yóò fún àwọn onímàgòmágó, tí WAEC yóò sì wá fagi lé èsì ìdánwò ọmọ náà bí àṣírí bá tú. Wọ́n a máa sọ pé ọdún ìdánwò ni màgòmágó bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀, láti alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ọmọ kọ iṣẹ́ tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ̀tàn ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta oúnjẹ lọ́jà, ó tẹ ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀, ó sì bá èyí tí ó tutù lábẹ́ èyí tí ó gbẹ. Ó bá onítọ̀hún wí gidigidi, ó sì jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn pé ẹlẹ́tàn kò sí nínú àwọn tirẹ̀. Ìwé ọmọ tí òkè rẹ̀ gbẹ tí abẹ́ rẹ̀ tutù kò yàtọ̀ sí òkìtì náà.

Alágbàṣe tuntun sì ti dé báyìí. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ọmọ tí ó ní fóònù lọ́wọ́ kò nílò ẹ̀gbọ́n mọ́: ó tẹ ìbéèrè sí i, àròkọ sì jáde kí omi tó hó. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ìríra. Ẹni tí ó bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ṣókùnkùn sí i, tàbí tí ó kọ àròkọ tirẹ̀ tán kí ó tó ní kí ẹ̀rọ tọ́ka àṣìṣe fún òun, lò ó bí ìwé atúmọ̀-èdè. Ṣùgbọ́n kò ní bá ẹnikẹ́ni wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó sì tún máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí nínú ìwé lítíréṣọ̀ rárá. Ọmọ tí kò ka ìwé náà kò ní mọ̀ pé irọ́ ni.

Báwo wá ni ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ ṣe rí? Ní ti gírámà, ẹni tí yóò ran ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wá. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Èdè ìyá rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Yorùbá ń pe bàbá ní «ó», ó ń pe ìyá ní «ó», ó sì ń pe àga ní «ó». Nítorí náà ni ọmọ ṣe ń kọ «he» síbi tí ó yẹ kí ó kọ «she». Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ nítorí àná: ẹni tí ó lọ lánàá àti ẹni tí yóò lọ lọ́la, «lọ» kan náà ni. Ìwé kan àti ìwé mẹ́wàá, «ìwé» kan náà ni. Ọmọ sì ń kọ Gẹ̀ẹ́sì pé òun «gbọ́» òórùn ọbẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó bí i ti ń sọ ọ́. Bí àgbà bá fi èdè méjèèjì síra wọn báyìí, tí ó fi ìyàtọ̀ han ọmọ, àṣìṣe ogún yóò di òfin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ṣeé rántí. Èyí sàn ju kí ó fi ìnkì pupa kun ojú ìwé lọ.

Níhìn-ín ni ọmọ ilé-kéwú ti ní ọrọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ohun tí Yorùbá kò ní, èdè Lárúbáwá ní in. Ọmọ tí ó ti mọ ìyàtọ̀ «huwa» àti «hiya» ti mọ ìyàtọ̀ «he» àti «she». Ọmọ tí ó ti mọ pé «dhahaba» ni ti àná, tí «yadhhabu» jẹ́ ti ìsinsìnyí, ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe lè yí ìrísí padà nítorí àkókò. Ọmọ tí ó mọ̀ pé «kitāb» di «kutub» nígbà tí ìwé bá pọ̀ kò ní yà á lẹ́nu pé «child» di «children». Bákan náà ni ti ohùn. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní apá tí ó jẹ mọ́ pípe ọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣubú, nítorí pé èdè wọn kò ní ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ «think», «this» àti «zoo». Àmọ́ ọmọ tí Aafa rẹ̀ tọ́ sọ́nà dáadáa nínú kíka Alukùránì ti ń fi ahọ́n sáàárín eyín fún thā’ àti dhāl, ó sì ti ń pe zāy bí ó ti yẹ. «V» wà lára ohun tí kò rí kọ́ nílé-kéwú: kí ó fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ bí ti «f», kí ó sì jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun dún. Ó ṣe ni láàánú pé ọmọ tí ó ní irú ohun èlò yìí ń ka ara rẹ̀ sí ẹni ẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, kìkì nítorí pé Aafa àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò jọ sọ̀rọ̀ rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ni ó yẹ kí wọ́n ṣe afárá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ìrírí kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà àtijọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Òye ni ó ń ṣáájú, èdè ni í tẹ̀ lé e. Ohun tí kò bá yé ọmọ ní Yorùbá, òfìfo ni yóò jẹ́ nígbà tí ó bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti lítíréṣọ̀, ibẹ̀ ni àgbàṣe ti gbilẹ̀ jù. Ọmọ kì í ka ìwé. Ìwé àlàyé pẹlẹbẹ ni ó ń rà, tí ó ń há sórí. Bí àpẹẹrẹ, ìwé eré Wọlé Ṣóyínká, The Lion and the Jewel, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní ọdún 1959, wà lára àwọn tí WAEC yàn fún ọdún 2021 sí 2025. Alágbàṣe yóò sọ fún ọmọ pé Lakunle dúró fún ọ̀làjú, Baroka dúró fún àṣà, yóò sì pa ìwé dé. Ẹni tí ó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ yóò bi í ní Yorùbá pé: Kí ni owó-orí? Kí ló dé tí Lakunle kò fẹ́ san án lórí Sidi? Ṣé ọ̀làjú ni lóòótọ́, àbí ọwọ́ rẹ̀ ni ó dì? Ojú ìwé wo ni ó ti sọ ọ́? Ọmọ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní ohun tí yóò sọ lórí èyí ju ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó lọ. Ìdáhùn rẹ̀, tí ó fi ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gbè lẹ́sẹ̀, ni àwọn tí ń máàkì ń wá. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú eré náà fún àwọn tí ń kọ àròkọ. Tíṣà ni Lakunle, ó ń kó ọ̀rọ̀ ńláńlá lé ara wọn, ó ń fi ìwé atúmọ̀-èdè kékeré yangàn, ó sì ń fọ́nnu pé èyí tí ó tóbi jù ú lọ ń bọ̀ lọ́nà. Ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rò pé ọ̀rọ̀ tí ó gùn ni í mú àròkọ dára ń fi Lakunle ṣe àwòkọ́ṣe ni. WAEC a máa pààrọ̀ ìwé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkàwé yìí kì í yí padà.

Àwọn òbí kan yóò ní ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí kò bá ìwà Mùsùlùmí mu, pé kí ọmọ fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwà tí kò tọ́ wà nínú wọn; Baroka fi ẹ̀tàn mú Sidi. Àmọ́ kíkà kì í ṣe gbígbà. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ni ó pa ewì àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan mọ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ kún fún ọtí àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí gírámà èdè wọn wà. Wọ́n kà á, wọ́n kọ́ èdè nínú rẹ̀, wọn kò sì tẹ̀ lé ìwà inú rẹ̀. Ewu kò sí nínú kí ọmọ ka ìwé pẹ̀lú àgbà tí yóò bi í pé: Ǹjẹ́ ohun tí Baroka ṣe yìí tọ́? Ewu wà nínú kí ọmọ dá kà á láìsí ẹni tí yóò bi í ní ohunkóhun.

Òbí tí kò mọ ìwé pàápàá ní ipa tirẹ̀. Ìyá tí ń ta ata lọ́jà lè sọ pé: «Ọmọ mi, ka èyí tí o kọ yẹn sókè, kí o sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí n gbọ́.» Bí ọmọ bá sọ ọ́ dáadáa, ó yé e. Bí ó bá ń wò sùn-ùn, kò yé e, ìbáà jẹ́ pé máàkì kún ìwé rẹ̀. Ìyá náà kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lè ṣe ìdánwò yìí. Ohun kejì ni àkókò. Ọmọbìnrin tí ń fọ abọ́, tí ń pọn omi, tí ó sì ń pọn àbúrò títí di aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé, kì í ṣe ọ̀lẹ bí ó bá sùn lórí ìwé. Kí wọ́n pín iṣẹ́ ilé dọ́gba, kí òun náà lè rí wákàtí kan.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí. Nínú jamáà kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ wà, ọmọ yunifásítì wà, ẹni tí ó ti ṣe àṣeyege nínú WAEC wà. Láàárín Màgàríbì àti Ìṣáì, àkókò tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí wákàtí kan. Bí wọ́n bá ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, ní gbọ̀ngàn ilé-kéwú tàbí ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n nílé yóò rí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Bírò kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Kí olùrànlọ́wọ́ máa bi ọmọ léèrè kí ó tó sọ ìdáhùn. Kí ó mú àṣìṣe méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè kí ó tó gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi Gẹ̀ẹ́sì ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kò ní la ẹnu mọ́. Kí wọ́n má sì gba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ogun Badr, ní ọdún kejì Hijira, àwọn kan wà nínú ẹrú ogun tí kò ní owó ìràpadà. Kíkọ́ àwọn ọmọ Madina ní ìwé kíkọ ni Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ṣe ìràpadà wọn. Bí kíkọ́ ọmọ ní ìwé bá lè ra ọ̀tá ogun padà, ìwọ̀n rẹ̀ kò kéré fún ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì jókòó sílé tí ń tẹ fóònù nígbà tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò ṣàlàyé ojú ìwé kan fún un. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ ṣe àwọn ọmọ wa lóore, kí Ó sì má jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ àwọn àgbà di ìpalára fún wọn.